Fèrèsé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rojọ́ Rẹ̀ Mọ́

Ọkùnrin kan wà tí ó ń kọ́lé sínú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ó fi ń jẹun. Olùkọ́ ìṣirò ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ìdí kọ̀ǹpútà ni ó máa ń lọ jókòó sí, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ sídìí ayò.

Kò sí kọ̀ǹpútà tí kò ní ohun kan nínú tí ó ń jí i, tí ó sì ń pín iṣẹ́ fún ẹ̀yà ara rẹ̀ gbogbo: ìwọ gba ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀, ìwọ gbé àwòrán sójú, ìwọ tọ́jú ohun tí a kọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Ọkùnrin yìí ní òun yóò fi ọwọ́ ara òun ṣe tòun, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Àwọn ará àdúgbò ní orí rẹ̀ ti ń dàrú. Wọ́n á ní, "Tíṣà, ṣé èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ò ṣeé lò ni?" Á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ìyẹn wù yín, èyí wù mí."

Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń kọ́ ọ. Fún ìgbà pípẹ́, bí ó bá tan ẹ̀rọ náà, òkùnkùn biribiri ni. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà kan ṣoṣo kọ́kọ́ yọ lójú ẹ̀rọ náà, ó pariwo débi pé ìyàwó rẹ̀ fi ọmọrogùn sílẹ̀ sínú ìkòkò, ó sáré wá. Àwọn méjèèjì ń wo lẹ́tà náà bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òun ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ohun náà lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, òun náà ni ó sì kọ́kọ́ rí àléébù rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Morẹ́nikẹ́, mo tẹ ibí yìí, kò dá mi lóhùn." Ọkọ gbá a mọ́ra. Ó ní, "O ṣé, ìyàwó mi. Ojú rẹ mú."

Lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ fèrèsé. Fèrèsé ni ó ń pe ohun tí èèyàn ń ṣí nínú kọ̀ǹpútà láti fi wo íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ nìkan ni fèrèsé náà kọ́kọ́ lè fi hàn. Nígbà tó yá, àwọ̀ wọ̀ ọ́. Nígbà tó tún yá, àwòrán dé, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn nínú wọn ń dorí kodò. Ó gbé iṣẹ́ náà síta kí ẹni tó bá wù lè mú un lọ lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ni àwọn àjèjì láti òkèèrè bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹjọ́ ránṣẹ́. Ẹni yìí ní ó ń lọ́ra jù. Ẹni yẹn ní òun tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Àṣà kan wà láàárín àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ọkùnrin náà sì pa á mọ́ bí òfin. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ẹjọ́ wá, a kì í bá a jiyàn. A ó kọ́kọ́ kí i pé ó ṣé. A ó bi í pé, kí lo ṣe, kí lo rí? Lẹ́yìn náà, ẹni tí ó ni iṣẹ́ yóò jókòó, yóò ṣe bí ẹni náà ti ṣe é gẹ́lẹ́, títí òun náà yóò fi fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ẹni náà rí. Ìgbà náà ni yóò tó tún un ṣe. Bí ó bá tún un ṣe tán, yóò kọ orúkọ ẹni tí ó rí àléébù náà síbẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ ọ́n ní olóore.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń bú u. Ọ̀kan kọ̀wé sí i pé, "Ewúrẹ́ ló kan fèrèsé yìí." Ọkùnrin náà dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣé, ọ̀gá mi. Apá ibo ni ewúrẹ́ náà ti kàn án wọ́?" Ẹni náà fi apá ibẹ̀ hàn án. Ó tún un ṣe, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Sùúrù tó ní fún wọn, bí a bá bù ú fún odidi ìlú, yóò kárí.

Ṣùgbọ́n nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé, òrùlé ń jò. Orí ibùsùn ọmọ wọn ni omi náà ń kán sí.

Ìyàwó ní, "Bàbá Morẹ́nikẹ́, òjò tún ti rin ọmọ."

Ó ní, "Ṣé èmi ni mo ń rọ òjò ni?"

"Ẹ kàn lọ dùbúlẹ̀ síbẹ̀ nígbà tó bá ń rọ̀, ẹ ó rí i."

"Èmi? Kí n lọ ká jọ sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọdé?"

Ní ọjọ́ mìíràn, obìnrin náà ní ọ̀rọ̀ tí ọkọ òun sọ sí òun níwájú àwọn àbúrò rẹ̀ dun òun dé eegun. Ọkọ ní, "Ìwọ àti ẹjọ́! Ó yẹ kí wọ́n fi ọ́ jẹ adájọ́." Nígbà tó ṣe, ó sọ ọ́ ní orúkọ. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni ó ń pè é, bí àwọn àgbà ṣe ń pe rédíò. Á ní, "Asọ̀rọ̀mágbèsì ti tún bẹ̀rẹ̀ o," á sì yíjú padà sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, níbi tí àjèjì kan ti ń dúró de ìdáhùn.

Ó wá di ọjọ́ kan, obìnrin náà dákẹ́. Kò jà, kò fajú ro. Ó ń kí i káàbọ̀, ó ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń fọ aṣọ rẹ̀. Ó mú ọmọ kúrò lábẹ́ omi, ó gbé abọ́ sórí ibùsùn náà, kò sì sọ nǹkan kan. Ọkùnrin náà kò rí abọ́. Àlàáfíà ni ó rí. Ó ń yin Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ pé obìnrin yìí ti gbọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ náà wá kí i. Inú àlejò náà ń dùn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dúpẹ́. Láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fi ẹjọ́ ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ó dà bíi pé tèmi ti pé."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní, "Ó mà ṣe o! Wọ́n ti kó kúrò lọ́dọ̀ rẹ, ìwọ ń dúpẹ́."

"Báwo?"

"Gbọ́, àbúrò. Ẹni tó ń rojọ́ ṣì ń lò ó. Ó ṣì nírètí pé o máa tún un ṣe, ìdí nìyẹn tó fi ń da ara rẹ̀ láàmú. Ọjọ́ tí o bá rí i tí gbogbo wọn dákẹ́, má rò pé ó ti dára. Wọ́n ti lọ ni."

Ìyàwó rẹ̀ ti gbé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, ó ń wo ojú ọkọ rẹ̀, bí a ṣe ń wo ẹni tí ohun tó gbàgbé fẹ́ padà wá sí i lọ́kàn.

Ọkọ ní, "Kí lo dúró ń wò? Gbé e wá, ebi ń pa àlejò."

Ó gbé e kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí àlejò, ó sì jáde.

Ọkọ fi ojú tẹ̀lé e, ó ní, "Ìwọ wo ìyàwó mi yìí. Tẹ́lẹ̀, bí a bá jí, ẹjọ́. Bí a bá fẹ́ sùn, ẹjọ́. Ní báyìí, ilé ti tòrò bí omi àmù."

Àlejò náà ti fi ṣíbí bu ìrẹsì dé ẹnu. Ó dá a padà sínú àwo. Ó wo ẹnu ọ̀nà tí obìnrin náà gbà jáde, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni í jẹun onílé kó tún máa ka àléébù ilé rẹ̀ sí i létí? Ó mú ṣíbí rẹ̀, ó ń jẹun lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ọ̀dọ̀ ará ilé kejì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Wọ́n ti gbálẹ̀. Wọ́n ti bo oúnjẹ rẹ̀. Aṣọ ìyàwó àti aṣọ ọmọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó fi fóònù pè é.

"Ìyá Morẹ́nikẹ́, níbo lẹ wà?"

"A ti dé ilé ẹ̀gbọ́n mi, sà." Ohùn rẹ̀ tutù, kò sí ìbínú níbẹ̀.

"Kí ló dé? Kí ni mo ṣe? O ò sọ nǹkan kan fún mi!"

"Mo sọ ọ́, Bàbá Morẹ́nikẹ́."

"Tún un sọ. Mo bẹ̀ ọ́. Bú mi. Ohunkóhun tó bá jẹ́, màá tún un ṣe."

Obìnrin náà ní, "Ọbẹ̀ yín wà nínú ìkòkò kékeré. Ẹ gbé e kaná kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́." Ó ní ó dàbọ̀.

Òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọkùnrin náà wọ yàrá ọmọ, ó gbé abọ́ kúrò, ó ká ẹsẹ̀ jọ, ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn kékeré náà. Omi kán sí i níwájú orí. Ó tún kán sí i ní àyà. Ó dùbúlẹ̀ bí ọmọ ti ń dùbúlẹ̀ gẹ́lẹ́, títí ó fi rí ohun tí wọ́n rí. Nígbà tí ó rí i, ó la ẹnu, ó ní, "Ẹ ṣé." Kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gun òrùlé, ó pààrọ̀ páànù. Ó ṣe é dáadáa, kò jò mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Títí di òní, ẹjọ́ ṣì ń wá sórí fèrèsé rẹ̀ láti òkèèrè, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ ojú wọn.

Arákùnrin, ìwọ tí o gbé ọrẹ ọpẹ́ wá sílé Ọlọ́run lónìí, tí o ní kí ìjọ bá ọ yọ̀ nítorí pé aya rẹ kò rojọ́ mọ́, dá ọwọ́ dúró ná. Ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ń bá ọ wí, o ń dọ̀bálẹ̀. Oníbàárà ń gbó ọ lẹ́nu, o ní, "Ẹ má bínú." Ta ni o fi ìbínú rẹ pamọ́ dè nílé? Lọ sílé. Lọ jókòó síbi tí aya rẹ ń jókòó sí, kí o bi í pé, kí lo rí? Bí ó bá la ẹnu tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọ, sọ pé, "O ṣé," nítorí o ṣì ní aya. Ṣùgbọ́n bí ó bá rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ní kò sí nǹkan kan, tó ní kí o lọ jẹun kí ọbẹ̀ má baà tutù, má gbé ọpẹ́ yìí wá mọ́. Ẹkún ni kí o gbé wá.