Omi Ẹnu Ẹfúnyẹmí

Kùtùkùtù là ń rójú ọ̀run,
Ọ̀sán gangan là ń rójú ayé,
Àwọn ló ṣàyẹ̀wò fún Ẹfúnyẹmí aláró
Ní ọjọ́ tí ọ̀tá fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ lé e kúrò nídìí ìkòkò ìyá rẹ̀.

Orúkọ awo méjì lẹ gbọ́ yẹn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná, a óò padà sọ́dọ̀ wọn. Ìbéèrè ni mo fẹ́ kí ẹ máa bi ara yín bí mo ti ń sọ ọ́ lọ, nítorí èmi náà bi ẹni tó kọ́ mi nítàn yìí títí ó fi ní kí n jẹ́ kí òun jẹun.

Òkè-Ẹ̀lú ni Ẹfúnyẹmí ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ mẹ́ta ló sì fi sílẹ̀ fún un. Ìkòkò aró kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lábẹ́ igi ìyeyè ló fi ń bọ́ wọn. Ibòji ibẹ̀ dára, odò kò sì jìnnà. Ọ̀ṣúnlékè, aláró bíi tirẹ̀, ń fẹ́ àyè náà fún ọmọ tirẹ̀ obìnrin.

Àwọn aláró ìlú náà ní òfin kan. Wọ́n gbà pé aró kò fẹ́ ariwo. Ẹni tó bá pariwo ìjà nídìí aró, wọ́n á gba adìẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á fi bẹ aró. Tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, adìẹ mìíràn. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á da ìkòkò rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ọ̀ṣúnlékè wá dọ́gbọ́n. Láàárọ̀, á rọra yọ́ dé ẹ̀gbẹ́ Ẹfúnyẹmí, á bú u wúyẹ́wúyẹ́ sétí, á sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń kí i. Ẹfúnyẹmí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Á figbe ta, á dá a lóhùn kíkan kíkan, ohùn tirẹ̀ nìkan sì ni gbogbo ìdí aró ń gbọ́. Bí adìẹ méjì ṣe lọ nìyẹn. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ẹ̀rù bà á. Ó tọ àwọn awo lọ, ó bi wọ́n pé ṣé òun yóò ṣẹ́gun báyìí, ṣé wọn kò ní lé òun kúrò nídìí ohun tí òun fi ń bọ́ ọmọ. Wọ́n ní yóò ṣẹ́gun bó bá lè rúbọ. Ẹyẹlé méjì, oyin, àti aṣọ funfun tí kò tíì kan aró rí.

Ẹ gbà mí o, níbo ni aláró ti fẹ́ rí aṣọ funfun? Ohun gbogbo nílé rẹ̀ ló ti dúdú, títí kan ọ̀já tó fi ń pọnmọ. Ó tú ilé. Ẹyọ kan ló rí, èyí tó tọ́jú pé kí wọ́n fi sin òun lọ́jọ́ ikú. Ó wò ó títí. Ó ní ẹni tí ebi bá pa ọmọ rẹ̀ kú lójú rẹ̀, aṣọ wo ló tún ń wá láti fi sùn? Ó fi rúbọ.

Nígbà náà ni èyí àgbà nínú àwọn awo sọ̀rọ̀. “Ọjọ́ méje ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́, bu omi sẹ́nu nílé. Má gbé e mì, má sì tu ú dànù títí wàá fi dé ìdí ìkòkò rẹ. Ibẹ̀ ni kí o tu ú sí. Kúnlẹ̀, kí o gbàdúrà sí Elédùmarè kí o tó bá ẹ̀dá kankan sọ̀rọ̀.”

Ẹfúnyẹmí bi í pé kí ni omi fẹ́ ṣe fún ọ̀tá. Awo ní òun kò mọ̀, bí Ifá ṣe wí lòun ṣe jẹ́ ẹ. Èmi ò gbà pé kò mọ̀.

Lọ́jọ́ kìíní, Ọ̀ṣúnlékè pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó bú u wúyẹ́wúyẹ́ sétí. Inú bí Ẹfúnyẹmí, ó fẹ́ fọhùn, ló bá gbé omi mì gbùú. Ó padà sílé, ó tún bu òmíràn. Àwọn tó rí i ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ̀kẹ́ obìnrin yìí wú bíi ti ẹni tí eyín ń dùn. Kò lè dá àwọn náà lóhùn. Lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta, ó dé ìdí ìkòkò, ó tu omi, ó kúnlẹ̀. Èébú tó ti kó jọ lọ́nà wà lẹ́nu rẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kúnlẹ̀ níwájú Elédùmarè kó máa bú èèyàn? Ó di dandan kó yí i padà sí ẹ̀bẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wá ń jẹ Ọ̀ṣúnlékè lọ́kàn. Kí ló dé tí eléyìí ò fèsì mọ́? Ó fi kún ohùn rẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Ó fi kún un lọ́jọ́ karùn-ún. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ keje, ó ti gbàgbé pé wúyẹ́wúyẹ́ ni iṣẹ́ òun.

“Ìyá rẹ tó ni ìkòkò yẹn, olè ni! Ewé ẹ̀lú olóko ló ń jí ká títí ó fi kú!”

Gbogbo ìdí aró ló gbọ́ ọ. Omijé ń dà lójú Ẹfúnyẹmí, omi ẹnu rẹ̀ kò sì dà. Ìyá Aláró, olórí gbogbo wọn, jáde wá, ó bi í pé kí ló ṣe fún Ọ̀ṣúnlékè tó fi ń bú u báyìí. Ẹfúnyẹmí fọwọ́ kan ẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó kọjá lọ sídìí ìkòkò, ó tu omi, ó kúnlẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́ àdúrà rẹ̀.

“Elédùmarè, mo dé. Èsì tí mo fẹ́ fọ̀, ọwọ́ rẹ ni mo kó o sí. Ó wúwo jù mí lọ.”

Ìyá Aláró wo omi tó ń gbẹ nílẹ̀. Ó ní, “A ti gba adìẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń fèsì. A ò bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.” Wọ́n yí adìẹ méjèèjì sọ́rùn Ọ̀ṣúnlékè, wọ́n fi ti òní kún un, ó di mẹ́ta. Ìkòkò rẹ̀ gbọ́dọ̀ dà.

Nílẹ̀ wọn, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń kọ́kọ́ fọwọ́ ti ìkòkò. Bí kò bá tì í, ẹnikẹ́ni kò lè tì í. Gbogbo ojú yí sí Ẹfúnyẹmí. Ọmọbìnrin Ọ̀ṣúnlékè dúró nídìí ìkòkò ìyá rẹ̀. Ẹfúnyẹmí wò ó. Ó mú igbá, ó bu omi sẹ́nu, ó sì lọ ń sá aṣọ rẹ̀. Wọ́n pè é, pè é, kò dáhùn títí oòrùn fi kan àtàrí.

Ìkòkò Ọ̀ṣúnlékè kò dà. Adìẹ mẹ́ta ló san, kò sì gba abẹ́ igi ìyeyè kọjá mọ́. Aró Ẹfúnyẹmí dúdú, ó ń dán, àwọn aláṣọ sì ń wá a láti ìlú mìíràn. Kò pẹ́ tó tún ra aṣọ funfun.

Kò jó, kò gun ẹṣin. Orúkọ àwọn awo rẹ̀ ló ń pè láràárọ̀: Kùtùkùtù là ń rójú ọ̀run, ọ̀sán gangan là ń rójú ayé. Ẹ̀yin náà ti wá gbọ́ ọ. Wọ́n ní kó rúbọ, ó rú u. Wọ́n ní kó ké pe Elédùmarè ṣáájú kó tó dá ọ̀tá lóhùn, ó gbọ́. Nígbà tó bá ọ̀run sọ̀rọ̀ tán, ọ̀tá kò ní èsì kankan í gbà mọ́.