Ọ̀nà tí Dúródèmí Gbà Sanra

Òwe kan wà ní Ìdí-Osè tí kì í tètè yé àlejò. Àwọn àgbà ní, "Ọ̀nà tí ajá gbà sanra, òun náà ni yóò gbà fúyẹ́." Àlejò á bèèrè pé ọ̀nà wo. Ẹnu ni ajá fi ń sanra. Ta ló ti rí ajá tó fi ẹnu fúyẹ́ rí? Ìbéèrè náà dára. Ìdáhùn rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, láti ìdí igi osè àárín ìlú títí dé orí Àpáta Ayọrí.

Ọdẹ kan wà nígbà náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọdẹ́rìndé. Ó ní ajá pupa kan, etí rẹ̀ kan ya. Ajá náà yára tó bẹ́ẹ̀ tí ọdẹ fi máa ń pariwo tẹ̀lé e nínú igbó pé, "Dúró dè mí! Dúró dè mí!" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di orúkọ. Wọ́n ń pè é ní Dúródèmí.

Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan, Ìyùnadé sọnù. Ọmọ Olúọdẹ, olórí gbogbo ọdẹ ìlú, ni. Kò tíì lè pe orúkọ bàbá rẹ̀ já geere. Gbogbo ìlú wá a lódò, wọ́n wá a lóko, títí ohùn fi há. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Dúródèmí já okùn ọrùn rẹ̀, ó wọ igbó. Ọdẹ́rìndé tẹ̀lé e. Ó bá a nínú kòtò kan tí àwọn tó ń wa amọ̀ ti pa tì. Ọmọ náà ń sùn. Ajá ká ara rẹ̀ yí i ká bí òṣùká. Paramọ́lẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, orí rẹ̀ ti fọ́.

Ọdẹ́rìndé kò lè tètè sọ̀kalẹ̀. Ó ní ṣe ló dà bíi pé òun dé ojúbọ tí òun ò sì bọ́ bàtà.

Nígbà tó gbé ọmọ wọ ìlú, kò sẹ́ni tó pariwo ayọ̀. Wọ́n kúnlẹ̀. Ajá ń kọjá láàárín wọn, wọ́n ń kúnlẹ̀. Baálẹ̀ gbé ọwọ́ lé igi osè, ó sì búra fún gbogbo ilé.

"Láti òní lọ, ajá yìí ò ní kọjá lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni láìgba òkèlè. Ẹni tó bá fi òkèlè dù ú, kí igi yìí bi í léèrè."

Gbogbo ìlú ní, "Àṣẹ."

Ìfẹ́ ni wọ́n fi búra. Wọn ò wo iwájú.

Láti ọjọ́ náà, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, Dúródèmí á gbéra nídìí igi osè, á máa lọ láti ilé dé ilé. Ilé yìí á fún un ní iyán, tọ̀hún á fún un ní awọ ẹran, ẹlòmíràn á fún un ní mọ́ín-mọ́ín. Ilé Olúọdẹ ló kẹ́yìn. Òkèlè ibẹ̀ tó ìkúùkù àgbàlagbà, eegun ọlọ́ràá sì máa ń bá a rìn. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó ń sanra. Ilé kọ̀ọ̀kan mọ òkèlè tirẹ̀. Kò sí ilé tó mọ ti gbogbo ilé.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ míràn fi dé, ẹ̀yìn ajá náà ti tẹ́ bí àpótí ìjókòó. Bó bá ń mí, imú rẹ̀ á máa fọn bíi fèrè. Ẹtu kan ré e kọjá nínú oko ẹ̀gẹ́; ajá náà wò ó, ó dùbúlẹ̀. Àwọn ọmọdé á máa tẹ̀lé e lẹ́yìn.

"Dúródèmí! Ta ló ń dúró de ta?"

Àwọn ọdẹ náà ò dákẹ́. Wọ́n ní, "Ọdẹ́rìndé, ajá rẹ ti joyè. Ó kù ká ra àga fún un."

Ọdẹ́rìndé kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ òfin àwọn ọdẹ. Ní ọjọ́ Ògún, nígbà iṣu tuntun, gbogbo ajá ọdẹ ń gun Àpáta Ayọrí láti ìdí igi osè. Olúọdẹ yóò dúró nísàlẹ̀ àpáta pẹ̀lú ìbọn. Bí oòrùn bá yọ kúrò lẹ́yìn òkè, á yìn ín. Ajá tí ìbọn bá dún kó tó dé òkè, Ògún ló ni ín. Kì í padà sílé.

Nígbà tí wọ́n ń gbin àgbàdo, Olúọdẹ wá sílé Ọdẹ́rìndé. Ìyùnadé di aṣọ rẹ̀ mú. Olúọdẹ wo ajá náà pẹ́.

"Ọdẹ́rìndé."

"Ẹ kú àbẹ̀wò, Olúọdẹ."

"Ajá yìí ò lè gun òkè."

"Mo rí i."

"Ọmọ mi ló gbà lọ́wọ́ ikú. Ká ní tèmi ni òfin, ǹ bá ti sọ ọ́ nù. Kì í ṣe tèmi."

"Mo mọ̀, bàbá."

"Wá nǹkan ṣe sí i." Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó lọ.

Ọdẹ́rìndé so ajá mọ́ inú ilé. Ajá tí kò bá jáde kò kọjá lẹ́nu ọ̀nà ẹnìkan. Nípa bẹ́ẹ̀, ìbúra dúró. Omi nìkan ló ń fún un. Nígbà tó tó ọjọ́ mélòó kan, ó fà á lọ sóko lọ́sàn-án gangan kí òógùn lè fa ọ̀rá náà jáde. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, ajá ṣubú. Ó bì, èébì náà pupa bí epo. Ahọ́n rẹ̀ yọ sílẹ̀. Ọdẹ́rìndé gbé e kọ́ èjìká dé ilé, ó wúwo bí àpò àgbàdo. Ó ti rò ó pin.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ kò pariwo. Ó bu omi tútù, ó ń tọ́ ọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ ajá àti ikùn rẹ̀. Ó po ẹ̀kọ mímu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń kán an sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí mímí ajá rọlẹ̀ ló tó sọ̀rọ̀.

"Baba Àìná, kí lẹ fẹ́ kí ajá yìí ṣe?"

"Kó fúyẹ́."

"Ẹ̀ ń jẹ́ kó rù ni. Ọ̀tọ̀ ni kó rù, ọ̀tọ̀ ni kó fúyẹ́. Ẹni tó rù ò gun òkè."

Ọdẹ́rìndé jókòó ti ajá náà.

"Ọjọ́ wo ló sanra?"

"Mi ò mọ ọjọ́ náà."

"Kò lọ́jọ́. Òkèlè ni, ilé dé ilé. Ẹ jẹ́ kó gba ọ̀nà náà padà."

"A ti búra, Àwẹ̀ró. Ilé wo ló máa fi òkèlè dù ú?"

"Òkèlè la búra. Ta ló sọ bó ṣe máa tóbi tó?"

Ọdẹ́rìndé wò ó. Ó dé fìlà, ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀.

Wọ́n pe ìlú jọ sídìí igi osè, wọ́n sì gbé ajá náà wá. Àgbàlagbà kan bínú. Ó ní, "Ṣé èérún la ó máa fi dúpẹ́ ni? Lọ́wọ́ ẹni tó gba ọmọ là?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Bàbá, ọpẹ́ yín ló jókòó lé e láyà. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí."

Gbogbo ìlú dákẹ́, wọ́n gbọ́. Mímí ajá náà ń fọn nínú ìdákẹ́jẹ́ bí afẹ́fẹ́ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Olúkúlùkù gbọ́ òkèlè tirẹ̀ nínú rẹ̀. Àgbàlagbà náà ló kọ́kọ́ wo ilẹ̀.

Baálẹ̀ ní, "Igi gbọ́ òkèlè. Igi ò gbọ́ ìwọ̀n."

Bẹ́ẹ̀ ni ìpadàbọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwẹ̀ró ò jẹ́ kí òkèlè kéré lójijì. Ó ní ikùn tó ti fẹ̀ kì í gbọ́ òfin lọ́jọ́ kan. Bí ọjà kan bá ná, òkèlè á dín díẹ̀. Ó ti ìkúùkù dé ẹyin adìẹ, ó ti ẹyin adìẹ dé ẹyìn ọ̀pẹ. Awọ ẹran àti ọ̀rá kúrò níbẹ̀. Láàárọ̀, Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ á fún un ní ẹ̀wà sísè àti ẹja tí kò lépo, kí ebi má pa á. Ìgbà ìrì àti ìgbà ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń rìn. Lákọ̀ọ́kọ́, ilé tó wà nítòsí nìkan ló ń dé. Bó bá rẹ̀ ẹ́, wọ́n á jókòó tì í. Nígbà tó yá, ó ń dé àwọn ilé ẹ̀yìn odi.

Ilé Olúọdẹ ló ṣòro. Ìrọ̀lẹ́ kan, Àwẹ̀ró bá Ìyùnadé lẹ́nu ọ̀nà, tó ń pariwo.

"Bàbá mi fún un léegun! Eegun ńlá!"

Olúọdẹ ń wo òkè bí ẹni tó ń wá ẹyẹ.

"Olúọdẹ, ṣé ẹ fẹ́ kí Ògún jẹ ẹ́ ni?"

"Kí Ògún má jẹ ẹ́ o."

"Ẹ dá eegun yín padà sínú ọbẹ̀."

Ó dá a padà.

Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, Àwẹ̀ró á fi ọwọ́ wá egungun ìhà ajá náà. Kò rí i. Ọdẹ́rìndé á ní, "Kò tíì yí padà."

"Nígbà tó ń sanra, ṣé ẹ rí i?"

Iṣu ń ta, ọjọ́ Ògún ń súnmọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró pè é. "Baba Àìná, ẹ mú ọwọ́ wá." Ó gbé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lé ìhà ajá. Egungun wà níbẹ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀pá inú agbọ̀n. Wọn kò yọ síta. Wọ́n kàn wà níbẹ̀. Imú ajá ò fọn mọ́. Ọdẹ́rìndé ò gbé ọwọ́ kúrò.

Ọjọ́ Ògún pé. Wọ́n tú àwọn ajá sílẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Gbogbo ilé yọ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù kan náà ló ń ba gbogbo wọn: ìbúra wà síbẹ̀, dídúró lẹ́nu ọ̀nà sì ti mọ́ ajá yìí lára. Bó bá dúró ní ilé kọ̀ọ̀kan, ìbọn á dún bá a lójú ọ̀nà. Hóró ẹ̀wà kan ṣoṣo ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ olúkúlùkù.

Dúródèmí dé ilé àkọ́kọ́. Ó gba ẹ̀wà náà, kò dúró. Ó dé ìkejì, ó gbà á, kò dúró. Ilé dé ilé, ó ń gbà, ó ń lọ, eré rẹ̀ ò dín. Ìyùnadé ló kẹ́yìn. Ó na ọwọ́ kékeré rẹ̀ síta, ajá fi ahọ́n kó ẹ̀wà, ó kọjú sí àpáta. Àwọn kan lẹ́nu ọ̀nà fi ọwọ́ bo ẹnu.

Àwọn ajá yòókù ti dé òkè. Oòrùn ń mú ẹ̀yìn àpáta pọ́n. Dúródèmí wọ inú igbó ẹ̀gbẹ́ òkè, wọn ò rí i mọ́. Ọdẹ́rìndé ń gun òkè lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Olúọdẹ gbé ìbọn sókè. Òfin ni.

Ohun pupa kan yọ lórí àpáta, ó dúró gbọn-in sí ojú ọ̀run.

Gbogbo Ìdí-Osè kúnlẹ̀, bí ọjọ́ tó gba ọmọ wálé. Oòrùn yọ. Ìbọn dún.

Ajá náà kò gbó, kò sì bá àwọn yòókù ṣeré. Ó kọjú sí ìsàlẹ̀, ó ń wo ọ̀nà, títí Ọdẹ́rìndé fi fi ọwọ́ àti orúnkún gun òkè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọdẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìhà rẹ̀. Egungun wà níbẹ̀.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, wọ́n bi í pé kí ló rí lókè. Ó ní, "Ó dúró dè mí."

Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan ní Ìdí-Osè bá fẹ́ fi ipá tú ohun tí ọwọ́ púpọ̀ fi ìfẹ́ dì díẹ̀díẹ̀, àgbà kì í bá a jiyàn. Á kàn nawọ́ sí àpáta, á ní: ọ̀nà tí ajá gbà sanra, òun náà ni yóò gbà fúyẹ́.