Iná Keje Tí Ọdẹ́jìmí Tàn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ sókè bí ẹ bá fẹ́ bi mí ní nǹkan, nítorí etí òsì mi ti kú, ti ọ̀tún náà kàn ń rọ́jú ni. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ fi ọdẹ sílẹ̀, kí ẹ lọ kọ́ṣẹ́ iná aláràbarà, irú èyí tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run níbi ayẹyẹ, kí ẹ sì máa jẹun nídìí rẹ̀ títí ayé. Ẹ ní kí n sọ bóyá ó tó bẹ́ẹ̀. Èmi Ọdẹ́jìmí yóò sọ ọ́. Mo ti ṣe é rí, ohun tí ó sì gbà lọ́wọ́ mi kò ní padà mọ́ láé.

Ìlú Arómirè ni wọ́n bí mi sí. Ọdẹ ni bàbá mi, òun náà ni ó ń yin àgbá, ìbọn ńlá onírin tí a máa ń rì mọ́lẹ̀ nígbà ọdún ọba. Èmi àti àbúrò mi, Ọdẹ́yalé, ni a jogún iṣẹ́ náà. Bí mo bá ń ki ẹ̀tù, òun ni ó ń di ẹnu ihò. Ṣùgbọ́n ariwo àti èéfín nìkan ni àgbá ní, ó sì ti ń sú ará ìlú. Ní ọdún kan, Kábíyèsí ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní, "Ọdẹ́jìmí, àlejò ń bọ̀ wá bá mi ṣọdún. Ṣé o kò lè mú kí iná rẹ tanná bí òdòdó ni?" Ojú tì mí gidigidi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. N ó wá a lọ."

Igbó Iná-kì-í-sùn, níbi tí àwọn iwin oníná ń gbé, ni mo kọrí sí. Igi ibẹ̀ kò ní ewé, eérú ni ó so. Omi ibẹ̀ kò tutù, híhó ni ó ń hó. Ẹyẹ ibẹ̀ kò kọrin, èéfín ni ó ń tú jáde lẹ́nu wọn. Ní ọjọ́ keje, mo dé iwájú olórí àwọn iwin náà, Ajóná-má-kùú. Ó ga ju ìrókò lọ, irun ojú rẹ̀ ti jó tán, ìka mẹ́ta péré ni ó sì kù ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Àwọn iwin tí ń bá a ṣiṣẹ́ jókòó yí i ká, wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn, nítorí kò sí ẹni tí etí rẹ̀ ṣí nínú wọn.

Ó bi mí pé, "Ọmọ ènìyàn, kí ni o wá ṣe ní ilé eérú?"

Mo ní, "Bàbá, iná tí ń tanná bí òdòdó ni mo wá gbà."

"Ǹjẹ́ o ti rí iná àgbá rẹ rí?"

"Rárá, Bàbá. Bí mo bá ti tanná ràn án, ẹ̀yìn ni mo ń kọ sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa rí fún ọ. Gbogbo ìlú yóò gbójú sókè, kò sì sí ẹni tí yóò wo ìwọ tí o wà nílẹ̀. Ṣé o ṣì fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ."

"Ó dára. Bí iná bá kọ̀ tí kò jáde, kí ni o máa ń ṣe sí i?"

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo rò pé ìbéèrè ọmọdé ni. Mo ní, "Bàbá, ìyẹn kò le. Bí ìbọn bá kọ̀, a ó bẹ̀rẹ̀, a ó fẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, a ó bu ẹ̀tù tuntun sí i, a ó sì tún un yìn."

Ajóná-má-kùú bú sẹ́kún, omijé rẹ̀ sì ń jó koríko níbi tí ó ń kán sí. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni o sọ. Báyìí gan-an ni àwọn wọ̀nyí ṣe dáhùn kí iná tó bú mọ́ wọn lójú, tí wọ́n fi di ará ọ̀dọ̀ mi. Iná tí ó bá kọ̀, jìnnà sí i. Da omi lé e láti òkèèrè, kí o fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Má yọjú wò ó láé. Kí o sì sọ ọ́ fún ẹni tí yóò bá ọ ṣiṣẹ́." Lẹ́yìn èyí ni ó fún mi ní àdó méje, iná aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì wà nínú wọn.

Nígbà tí mo délé, ẹnu mi kò sinmi. Mo ròyìn igi eérú, mo ròyìn omi híhó, mo ròyìn ìka mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó yẹ kí n sọ fún Ọdẹ́yalé, n kò sọ ọ́. Kì í ṣe pé mo gbàgbé o. Ojú ló ń tì mí láti jẹ́wọ́ fún àbúrò mi pé mo dáhùn bí òpè níwájú iwin. Mo ní n ó sọ ọ́ lọ́la, lọ́la sì di ọjọ́ ọdún.

Bí oòrùn ti wọ̀, a ri àdó méjèèje sínú iyanrìn níwájú ààfin. Mẹ́fà gòkè, ọ̀kan pupa bí osùn, òmíràn láwọ̀ aró, ìlú ń hó yèè. Ìkeje kọ̀. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń wá omi tí n ó dà lé e. Ọba ń retí, àlejò ń retí. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Ọdẹ́yalé ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín fẹ́ ẹ." N kò gbọ́ ọ, ariwo mẹ́fà ìṣáájú ti dí mi létí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìkeje gòkè lójijì, ó tanná, ó tún tanná, ó bo gbogbo ojú ọ̀run. Èmi náà gbàgbé ara mi, mo gbójú sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí iná ọwọ́ ara mi. Ìlú ń ké pé, "Ẹ tún un ṣe! Ẹ tún un ṣe!" Inú mi dùn. Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn! Nígbà tí mo wolẹ̀, Ọdẹ́yalé ti nà gbalaja lẹ́sẹ̀ mi, kò ní ojú mọ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú gbogbo èrò yẹn tí ó rí i nígbà tí ó ṣubú. A sin ín lọ́jọ́ kejì.

Ẹ bi mí bóyá iṣẹ́ náà tó iṣẹ́. Ó lẹ́wà, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kò tó. Ẹwà rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì ti pé ogún ọdún tí mo ti ń pe àbúrò mi tí kò jẹ́ mi. Ẹ padà sídìí ọdẹ yín. Bí ẹnìkan nínú yín bá sì kọ̀ jálẹ̀, kí ó sọ ohun tí ó mọ̀ fún ẹni tí ó dúró tì í, ìbáà jẹ́ pé ojú ń tì í. Bí gbogbo ìlú bá sì ń hó, kí ó kọ́kọ́ wolẹ̀ kí ó tó wòkè.

Ó tó, ẹ máa lọ sílé. Kí olúkúlùkù yín wo ẹni tí ó bá a wá, kí ó tó wo ọ̀nà.