Ọba Mẹ́rin Lọ́wọ́ Télọ̀
Ìdíje káàdì náà ò tíì gbóná tí Olóyè Gbádébọ̀ fi ti gbogbo ike tó dúró fún owó rẹ̀ síwájú Abíọ́nà télọ̀: “Fi gbogbo tìẹ lé e, kí ẹni tó bá pàdánù máa relé!” Ọba mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ Abíọ́nà, díẹ̀ ni ohun tó sì lè borí wọn, bí éèsì mẹ́rin, káàdì tó ga ju ọba lọ. Ó wo àbúrò Olóyè tó pín káàdì, ó ṣí ọba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀: “Mi ò bá yín ta á, Olóyè. Ẹni tó fún télọ̀ lásán ní ọba mẹ́rin, kí ló fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀?” Wọ́n ṣí ti Olóyè: éèsì mẹ́rin. Ni àwọn adájọ́ ìdíje náà bá lé Abíọ́nà jáde, wọ́n ní ó yọjú wo káàdì Olóyè. “Mo wò ó lóòótọ́,” ni Abíọ́nà wí, “látìgbà tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń wo ohun tí wọ́n ń pín fún yín.”