Àmù Tí A Fi Ìda Dí

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí ẹjọ́ ogún ló bí òwe tó parí ìtàn yìí, ẹ má dá a lóhùn. Ẹjọ́ tó bí i kì í tiẹ̀ ṣe ẹjọ́ gidi. Ẹjọ́ àfiṣeré ni, ní yunifásítì, láàárín ọmọbìnrin méjì tó ń kọ́ òfin ìṣòwò.

Ìbíyẹmí ni orúkọ ọ̀kan, Jadesọ́lá ni èkejì. Láti ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ti jọ ń gbé yàrá kan, tí wọ́n jọ ń jẹ nínú abọ́ kan. Opó tó ń mọ ìkòkò ni ìyá Ìbíyẹmí, iṣẹ́ amọ̀ yìí náà ló sì fi ń rán ọmọ rẹ̀ nílé ìwé. Bó bá ń fi gààrí ránṣẹ́ sí Ìbíyẹmí, á di ti Jadesọ́lá lọ́tọ̀, nítorí ọmọ òun ló ń pe àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń fọṣọ, Ìbíyẹmí sọ ohun tí kò sọ fún ẹlòmíràn rí. Lọ́dún tí bàbá rẹ̀ kú, àmù ńlá kan sán nínú iná. Ìṣẹ́ mú kí ìyá rẹ̀ fi ìda dí ojú ibi tó sán, ó fi eérú pa á, ó sì tà á. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Kó tó di ọjọ́ ọjà mìíràn, ó ru àmù tuntun, ó wá ilé ẹni tó rà á kàn, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́.

"Èmi ni mo bá a lọ," ni Ìbíyẹmí wí. "Mi ò rí i kí àgbàlagbà sunkún bẹ́ẹ̀ rí." Jadesọ́lá náà sunkún.

Ní ẹ̀ka wọn, akẹ́kọ̀ọ́ kan kò lè jáde láìkọ́kọ́ rojọ́ ní kóòtù àfiṣeré. Olùkọ́ wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Láníhùn, á wọ aṣọ adájọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì ṣe lọ́yà. Ẹjọ́ ọdún náà ni ti ọkùnrin kan tó fi ọ̀dà bo ojú táńkì omi tó ti là, tó sì tà á. Jadesọ́lá ni lọ́yà olùrà, Ìbíyẹmí ni ti òǹtajà. Ẹ̀rín ni wọ́n fi í rín. Wọ́n ní ẹni tó bá jàre ni yóò se ìrẹsì.

Ìyá Ìbíyẹmí gbọ́, ó ní dandan ni kí òun wá wo àwọn lọ́yà òun. Ó gbé ìkòkò ìsebẹ̀ tuntun méjì dání fún wọn, ó sì jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Kò gbọ́ òyìnbó, òyìnbó ni wọ́n sì ń sọ.

Ìbíyẹmí ló kọ́kọ́ rojọ́. Ó ní ojú ni olùrà fi ń ra ọjà. Ẹni tó ra táńkì láìbu omi sí i wò, ara rẹ̀ ni kó dá lẹ́bi. Ó rò ó débi pé adájọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Jadesọ́lá rí i pé òun ti fẹ́ fìdí rẹmi. Ó dìde.

"Olúwa mi, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń fi ìda dí àmù sísán tà fún aráàlú, kí lẹ fẹ́ kó sọ ju pé kí olùrà la ojú rẹ̀?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn! Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu tábìlì. Láníhùn pàápàá, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, rẹ́rìn-ín. Jadesọ́lá kò sì sọ pé obìnrin náà ru àmù mìíràn lọ, kò sọ pé ó kúnlẹ̀. Ìdajì ìtàn ló mú wá, ìdajì tó burú. Irú ìwà wo nìyẹn?

Ìbíyẹmí bojú wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀, tí àwọn méjèèjì ń pè ní Màámi, ti dìde, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì ń pàtẹ́wọ́ fún Jadesọ́lá.

Jadesọ́lá ló jàre. Nígbà tí wọ́n jáde, Màámi di àwọn méjèèjì mọ́ra. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Jadesọ́lá, kí lo sọ tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀?"

Jadesọ́lá wolẹ̀. "Ọ̀rọ̀ òfin ni, Mà."

Màámi gbé ìkòkò kan lé e lọ́wọ́. "Gbà, kò lè jò. Mo bu omi sí i wò kí n tó gbé e wá."

Nígbà tí Màámi lọ tán, Jadesọ́lá ní, "Yẹmí, má bínú. Kóòtù àfiṣeré ṣá ni. Jẹ́ ká lọ se ìrẹsì wa."

"Àfiṣeré? Ṣé ìyá àfiṣeré ló bí mi ni? O jẹ gààrí ẹ̀ títí, o wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí máàkì! Ọ̀rẹ́ ni mo bá sọ̀rọ̀, mi ò mọ̀ pé lọ́yà ló ń gbọ́."

Ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Láníhùn pè wọ́n níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù, ó fẹ́ parí ìjà. Ó ní, "Àwa lọ́yà máa ń jà ní kóòtù, a ó sì tún jọ jẹun lẹ́yìn rẹ̀."

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀. "Ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ lẹ̀yin ń rò, sà, lẹ ṣe lè jọ jẹun. Màámi ni wọ́n rojọ́ mọ́ níbẹ̀, ẹ̀yin náà sì rẹ́rìn-ín."

Ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ, òun àti Jadesọ́lá kò sì ṣọ̀rẹ́ mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà délé, àwọn àgbà sì gbà á lẹ́nu wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.