Ìdí Tí Èéfín Kò Fi Ṣeé Bò Mọ́lẹ̀

Mo búra níwájú gbogbo yín pé ìtàn yìí kò ní gùn. Ìrù òkété gùn jù ú lọ.

Nígbà láéláé, kí ògiri ilé ìdáná tó dúdú, Èéfín kì í jáde nílé. Ẹ̀bá iná ló máa ń sùn sí bí ajá tó ti darúgbó. Kì í ta ẹnikẹ́ni lójú. Bí òtútù bá mú àwọn ọmọdé, wọn a fi ṣe ìrọ̀rí. Èmi ò tí ì dáyé nígbà náà, síbẹ̀ àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Òkété fẹ́ràn tábà. Ó ní ìkòkò tábà kan tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ikọ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí Àṣàkẹ́, ìyàwó rẹ̀, sùn.

"Olówó orí mi," ni Àṣàkẹ́ wí, "ọjọ́ tí mo bá tún rí èéfín tábà nílé yìí, ilé bàbá mi ni mò ń lọ."

Òkété fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó búra pé òun ti jáwọ́. Lẹ́yìn náà ló lọ bá Èéfín.

"Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, bí mo bá ti fa tábà, kó sínú ihò ara ògiri mi. Bí Àṣàkẹ́ bá ti lọ sóko, màá ṣí ọ sílẹ̀ kí o gba atẹ́gùn."

"Ṣé o ò ní gbàgbé?"

"Èmi kẹ̀?"

Ó gbàgbé. Ojoojúmọ́ ló ń fa tábà, ojoojúmọ́ ló ń fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ihò. Èéfín ń wú nínú òkùnkùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹrẹ̀ náà là. Òkété sáré fi ìdí dí i. Bó ṣe wà nìyẹn tí bàbá Àṣàkẹ́ fi wọlé láìròtẹ́lẹ̀, Àṣàkẹ́ tẹ̀lé e láti oko.

Ta ni kò mọ̀ pé gbalaja là ń dọ̀bálẹ̀ kí àna? Òkété fi àyà kanlẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ wà lókè, lẹ́nu ihò.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá."

Àna rẹ̀ wò ó títí. "Àṣàkẹ́, ṣé ààbọ̀ ni ọkọ rẹ fi ń kí mi?"

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, bàbá," ni Òkété dáhùn.

Èéfín ké nínú ihò: "Ọ̀rẹ́, mo ti kún o!"

"Kí ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ yẹn?"

"Inú mi ló ń kùn, bàbá."

"Ó dára. Àṣàkẹ́, palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́. N kò fi ọmọ fún ẹni tí kò lè dọ̀bálẹ̀."

Òkété rí i pé ìyàwó ń lọ. Ó nà gbalaja.

Èéfín bú jáde. Ó gba orí Òkété kọjá, ó gba àárín irùngbọ̀n àna. "Ẹ káàbọ̀, bàbá," ló wí. "Ẹ má bínú, wọ́n há mi mọ́lé ni." Ó bá òrùlé jáde.

Àṣàkẹ́ wo ọkọ rẹ̀. "Tábà kọ́ ló dùn mí," ló wí. "Ìbúra yẹn ni." Ó gbé igbá rẹ̀, ó tẹ̀lé bàbá rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Èéfín ti ń gba òkè lọ kí gbogbo ìlú lè rí i. Ẹni tó bá sì dí i lọ́nà, ojú onítọ̀hún ló máa ń ta. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń wí pé èéfín kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Òkété kì í sì jáde lọ́sàn-án mọ́, kó má baà pàdé àna rẹ̀. Bí alẹ́ bá lẹ́, a yọjú, a wo Èéfín tó ń lọ lókè, a sì rántí ìgbà tí òun, Àṣàkẹ́ àti Èéfín jọ ń gbé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti ṣèlérí fún Òkété pé n ó bò ó mọ́lẹ̀.