Aṣọ Tí Wọ́n Sá sí Èbúté Oníyọ̀

Ṣówándé ni olórí èbúté Oníyọ̀, ìlú kékeré kan létí òkun, níbi tí àwọn obìnrin ti ń se omi òkun di iyọ̀. Iyọ̀ yìí ló ń bọ́ gbogbo ìlú. Àlejò kankan kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ iyanrìn ibẹ̀ àfi bí Ṣówándé bá gbà.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ àwọn Pọtogí tó ń lọ sí ilẹ̀ Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ó sì dúró sí iwájú èbúté. Wọ́n rán ògbufọ̀ wọn wá. Ọmọ Íńdíà ni, Rámánì lorúkọ rẹ̀. Ó ti bá wọn ná ọjà ní agbègbè náà títí ó fi gbọ́ èdè ibẹ̀.

"Bàbá, aṣọ ọjà wọn ló rin gbingbin. Wọ́n ní kí ẹ jẹ́ kí ẹni mẹ́fà péré sọ̀kalẹ̀ wá sá a."

Ẹ̀fúnyẹlà, àbúrò Ṣówándé, ń ro iyọ̀ lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gbà o."

"Nítorí ẹni mẹ́fà? Bí wọ́n bá tilẹ̀ yọ́ mú ẹnì kan kún un, méje náà ni. Kí ni ẹni méje lè fi odindi ìlú ṣe? Àbí wọn yóò lá iyọ̀ rẹ tán ni?"

"Ẹ máa fi mí ṣẹ̀rín, ẹ̀gbọ́n."

Ṣówándé gbà. Mẹ́fà ló sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́. Kò lé, kò dín. Wọ́n ri èèkàn, wọ́n ta okùn, wọ́n sá aṣọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún ri èèkàn sí i. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, èèkàn ti yí ibi tí wọ́n ti ń se iyọ̀ ká, ẹ̀gbẹ́ ni àwọn obìnrin fi ń wọlé síbi iṣẹ́ wọn. Ṣówándé di èèkàn kan mú, ó mì í. Kò mì. Ó kúnlẹ̀, ó wa ìdí rẹ̀ títí iyanrìn fi mù ún dé èjìká, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò kan ìsàlẹ̀ igi.

"Rámánì, aṣọ wo là ń sá sórí irú igi báyìí?"

Rámánì wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, nílé tiwa náà, ẹni mẹ́fà ni wọ́n tọrọ ààyè fún. Bàbá mi ló gbà fún wọn."

"Èkeje ńkọ́?"

"Èkeje kì í ṣe ènìyàn. Odi ni, pẹ̀lú ìbọn ńlá lórí rẹ̀; irú èèkàn báyìí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ wọn ni bàbá mi ti ń tọrọ ààyè báyìí kó tó lè pẹja."

Ṣówándé dìde. Ó gbọn iyanrìn ara rẹ̀ nù.

"Ẹ̀fúnyẹlà, pe àwọn obìnrin. Aṣọ àlejò ti gbẹ."

Wọ́n ká aṣọ náà dáadáa, wọ́n gbé e lé àwọn mẹ́fà lọ́wọ́. Àwọn yẹn wo iye obìnrin tó yí wọn ká tọmọorógùn tọmọorógùn, wọn kò jiyàn. Kí ọkọ̀ wọn tó ṣí, àwọn obìnrin ti hú gbogbo èèkàn, wọ́n ti fi dáná sábẹ́ ìkòkò iyọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ẹ̀fúnyẹlà wí, "ṣé ẹ kà wọ́n dáadáa? Ṣé mẹ́fà pé?"

"Mẹ́fà pé. Ohun tó tẹ̀lé wọn ni n kò kà."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé: ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.